Ìgò Kan Náà, Ilé Ọtí Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Láti Mazamaza Dé Lómé

Ẹni tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ gan-an l'ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mùtí rí. Ará Iléṣà á búra pé kò sí ọtí mìíràn láyé lẹ́yìn Trophy. Ọmọ Èkó tó bá Star dàgbà á ní omi lásán l'àwọn ìyókù. Ará Onítṣà á ní kí wọ́n gbé Hero wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ọjọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Mazamaza, àríyànjiyàn dé nìyẹn!

Ta ni kò mọ Mazamaza? Béèyàn bá ti kúrò ní Mile 2, tó kọjú sí ọ̀nà Badagry, kò ní í rìn jìnnà kó tó débẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, nínú Amuwo-Odofin. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Onítṣà, Òwèrè, Ábá àti Ẹnúgu. Ibẹ̀ náà l'àwọn tó ń lọ sí Badagry, Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu ń gbà kọjá. Láti September 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ẹsẹ̀ tún wá pọ̀ sí i l'ádùúgbò náà.

Níbi tí èrò bá ti ń dúró de mọ́tò, ebi á máa pa wọ́n, òùngbẹ á sì máa gbẹ wọ́n. Mọ́tò tí wọ́n ní yóò kún láago méje lè má kún títí di aago mẹ́wàá. Kí lèèyàn fẹ́ fi wákàtí mẹ́ta ṣe? Ẹni tó ń ta súùpù aláta wà níbẹ̀. Oníbíà náà wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí aláṣọ, bíríkìlà, fọganáísà àti gbogbo ẹni tó ń fi òógùn ojú wá owó mọ̀ ni pé, ìgò tí wọ́n ń ná owó lé lórí yìí, ibi tí wọ́n ti mu ún àti àkókò tí wọ́n mu ún ló ń sọ bóyá owó náà jẹ́ owó tàbí ó ṣòfò.

NÍBO L'ỌTÍ WỌ̀NYÍ TI WÁ?

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ àwọn bàbá wa ní ọtí mímu o. Ẹmu ń bẹ, ògùrọ̀ ń bẹ. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn ń bẹ, àwọn ará òkè ọya sì ní burùkùtù tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn. Ṣùgbọ́n bíà inú ìgò, inú ọkọ̀ òkun ló ti ń wá tẹ́lẹ̀. Ní 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, nígbà tó sì di June 1949, ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Iganmu. Ní 1962, Guinness fìdí kalẹ̀ sí Ìkẹjà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ sẹ́yìn odi Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gulder tẹ̀ lé e ní 1970. Ní December 1978, ilé iṣẹ́ International Breweries tí Dókítà Lawrence Omole dá sílẹ̀ n'Iléṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pọn Trophy. Hero ni àbúrò láàárín wọn, 2012 ló bẹ̀rẹ̀ l'Ónítṣà.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1988, ìjọba ológun fi òfin de bálì tí àwọn apọntí ń kó wá láti òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ figbe ta. Àwọn ọ̀mùtí náà ń bẹ̀rù pé bíà fẹ́ di ọtí ìbílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gba inú oko lọ, wọ́n fi ọkà bàbà àti àgbàdo rọ́pò bálì. Títí di òní olónìí, ọkà bàbà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ bíà ilẹ̀ wa. Ọkà tí ìyá oníburùkùtù ń fi pọntí nínú ìkòkò, òun náà ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ olówó ńlá, tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára, tí àwọn ọ̀gá ń fi yangàn. Ẹni tó bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oníburùkùtù, kó rọra.

Kò tán síbẹ̀. Bíà aláwọ̀ oyin tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí ìka ọwọ́ rẹ̀ lódì kejì kọ́ọ̀pù, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Plzeň, ní ilẹ̀ Czech, ni wọ́n ti kọ́kọ́ pọn irú rẹ̀ ní 1842. Star, Gulder, Trophy àti Hero, gbogbo wọn ẹbí kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jà lórí bẹ́ǹṣì, bí wọ́n bá di wọ́n lójú, tí wọ́n gbé kọ́ọ̀pù mẹ́rin fún wọn, wọn ò ní í mọ èwo ni tiwọn! Guinness dúdú nìkan ni gbogbo ayé á dá mọ̀, nítorí ẹbí tirẹ̀ yàtọ̀, agbára rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Star kò ju nǹkan bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní agbára. Guinness jẹ́ ìdá 7.5. Ẹni tó bá ń ka ìgò, kó má fi Guinness méjì wé Star méjì o.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÌGÒ KAN NÁÀ KÌ Í DÙN BÁKAN NÁÀ?

Ẹ bi ẹni tó máa ń mutí káàkiri Amuwo-Odofin, á ní Star tí òun mu ní etí gáréèjì yàtọ̀ sí èyí tí òun mu nínú Festac. Àbí iléeṣẹ́ Iganmu ní ìkòkò méjì ni? Rárá o. Ọwọ́ ẹni tó ń tà á ló wà.

Èkíní ni oòrùn. Òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hops ló ń mú bíà korò. Bí oòrùn bá ń pa ìgò tí wọ́n tò síta fún ẹwà, òórùn búburú á wọ inú rẹ̀. Ìgò tó pọ́n bí omi tíì máa ń dáàbò bo ọtí ju ìgò aláwọ̀ ewé lọ. Nítorí náà, ìgò tó wà lábẹ́ òjìji ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé wá, kì í ṣe èyí tó wà lójú oòrùn.

Èkejì ni kọ́ọ̀pù. Kọ́ọ̀pù tí ọ̀rá súùpù bá wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìfóòfó dúró. Bí wọ́n bá da ọtí sí i tí ìfóòfó kú lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fọ kọ́ọ̀pù dáadáa, kí ẹ tó máa bú ọtí.

Ẹ̀kẹta ni òtútù, èyí tó ń jẹ owó jù. Iná NEPA, bí gbogbo wa ṣì ṣe ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, kì í dúró. Ìyá oníbíà á bu epo sí jẹnẹrétọ̀, bí kò bá sí epo, á ra áìsì bílọ́ọ̀kù. Kíréètì ìgò ńlá kan, ìgò 12 ló ń gbà, èrè orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìgò òfìfo gbọ́dọ̀ pé kó tó lè gba òmíràn lọ́wọ́ alágbàtà. Bí oníbàárà kan bá gbé ìgò sá lọ, èrè ti dínkù nìyẹn. Ìdí rèé tí obìnrin náà fi máa ń tẹjú mọ́ àwọn tó bá gbé ìgò dání wọ mọ́tò. Kì í ṣe ahun, ọjà rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ilé ọtí wé ilé ọtí. Ti etí gáréèjì Mazamaza, kíákíá ni. Èèyàn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò á wà láàárín ẹsẹ̀, èéfín mọ́tò á máa fẹ́ sí i lójú, àgbèrò á máa pariwo lẹ́tìí rẹ̀, ẹni tó ń ta bẹ́líìtì á na bẹ́líìtì kọjá níwájú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Ojú kan ń mutí, ojú kejì ń wo mọ́tò. Ọtí kì í dùn bẹ́ẹ̀.

Inú Festac yàtọ̀. Ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú láti 15 January sí 12 February 1977 ni. Nígbà tí àlejò lọ, àwọn ará Èkó kó wọlé. Títì rẹ̀ ní nọ́ńbà, ilé rẹ̀ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́, àwọn ẹlẹ́ja yíyan á dáná, èéfín á máa rú, àga á jáde síta. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ti ṣọ́ọ̀bù, tó ti wẹ̀, á jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á pín ìgò méjì. Kò sẹ́ni tó ń lé e.

Ní Amuwo, ẹja àrọ̀ l'ọba. Inú omi l'ẹja ń wẹ̀ nígbà tí oníbàárà á nàka sí èyí tó wù ú, wọ́n á pa á lójú rẹ̀, wọ́n á sè é ní súùpù aláta. Òun ni wọ́n ń pè ní point and kill. Kí wọ́n wọn ẹja kí ẹ sì dá iye owó kí wọ́n tó pa á o! Ẹja tó ti wọ ìkòkò kì í gba ìnájà mọ́. Àwọn ọmọ Ìgbò tó pọ̀ l'ádùúgbò náà sì mú ìsí-ewu àti nkwobi wá. Yorùbá tí kò jẹ ẹ́ rí tẹ́lẹ̀, òun ló ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń sè é báyìí.

OBÌNRIN NÁÀ ŃKỌ́?

Bí obìnrin ọlọ́jà bá jókòó nílé ọtí, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n á ní, "Ọkọ rẹ̀ dà?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó gbéra láti aago mẹ́rin ìdájí, tó ru ẹrù, tó ná ọjà, tó sì ń fi owó ara rẹ̀ ra ìgò kékeré kan, kí ló jẹ yín? Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì gbà fún, Maltina ti wà láti 1976. Kò sẹ́ni tí kò lè jókòó nílé ọtí.

Ohun tó kan obìnrin ju òfófó lọ ni owó tó wà nínú ìgbànú. Kí ó má ṣe gba ìgò tí wọn ò ṣí lójú rẹ̀. Bó bá dìde lọ tọ̀, kó má padà mu ọtí tó fi sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Kó ka ọjọ́ tó wà lára ìgò. Kó má sì jẹ́ kí "ẹ̀gbọ́n" tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní gáréèjì máa ra ọtí fún òun. A kì í mọ ọkàn ẹni tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

ẸNI TÓ BÁ DORÍ KỌ SẸ̀MẸ̀

Láti Mazamaza, mọ́tò á gba Agboju, á kọjá Trade Fair àti Volks, á dé Ìyànà-Ìbà, Òkókómaìkò, Àgbárà, títí dé Badagry. Ní Badagry, ẹmu l'ẹni tó gbọ́n ń béèrè. Ọ̀pẹ kò jìnnà, ẹmu kò tíì kan. Ẹmu tó bá rin ìrìn àjò wá sí Èkó, ṣe ló ń bínú nínú kẹ́ẹ̀gì.

Bí wọ́n bá ti rékọjá Sẹ̀mẹ̀, èdè ilé ọtí yí padà. Buvette ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní í sọnù. Ní Kútọnu, ẹni tó bá fẹ́ ìgò ńlá á ní grande, ẹni tó fẹ́ kékeré á ní petite, ó parí. La Béninoise l'ọtí wọn, ìtumọ̀ orúkọ náà ni obìnrin ilẹ̀ Benin. Kí 1975 tó parí, Dahomey l'orúkọ ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà ibẹ̀ tún ní sodabi, ọmọ ìyá ògógóró tiwa, ẹmu ni wọ́n ń fi iná yọ ọ́. Sodabi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mu bí omi. Ìfun á sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá tún rìn síwájú, tí wọ́n gba Grand-Popo kọjá ẹnu ibodè Hillacondji, wọ́n ti wọ Togo. Ní Lómé, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní BB, èyí tó ti wà láti 1964, ló ń pọn Pils àti Awooyo. Ará Èkó tó bá mu Pils lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun Lómé, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí kò sí àgbèrò, á ní òun ò rí irú ọtí yìí rí. Bẹ́ẹ̀, orúkọ Pils yẹn, láti ara Plzeň lẹ́ẹ̀kan yẹn ló ti jáde. Ẹbí Star náà ni! Atẹ́gùn òkun ló ń mu, kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Nígbà kan, ẹni tó mú náírà dé Kútọnu, ọ̀gá ni. Ayé ti yí. Owó sẹ́fà so mọ́ owó àwọn ará Yúróòpù, euro kan jẹ́ sẹ́fà 655.957, kì í yẹ̀. Náírà tiwa, láti June 2023 tí ìjọba ti tú u sílẹ̀ kó máa lúwẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀, ó wálẹ̀ gidi. Ẹni tó bá ń mutí ní Kútọnu bó ṣe ń mu ní Festac, ó ń mu owó ọjà rẹ̀ ni. Àwọn oníṣòwò tó rántí bí wọ́n ṣe ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ láti August 2019 títí di December 2020 mọ̀ pé owó ìpamọ́ ṣe pàtàkì l'ọ́nà yẹn. Ìgò kan tó, kí wọ́n fi ìyókù ra ọjà.

ẸNI TÓ BÁ Ń LỌ SÁPÁ ONÍTṢÀ

Ọ̀nà kejì láti Mazamaza gba Ọ̀rẹ̀ àti Bìní kọjá, títí dé afárá Odò Ọya. Ní Ọ̀rẹ̀, oúnjẹ l'èrò ń sọ̀ jẹ. L'Ónítṣà, Hero ni wọ́n ń ké sí, oòrùn tó ń yọ ni wọ́n yà sára ìgò rẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì máa ń kí i ní "O Mpa," bí ìgbà tí ọmọ ń kí bàbá rẹ̀. Yorùbá tó bá débẹ̀, kó tọ́ ọ wò. Ọtí àlejò, ọ̀nà láti mọ onílé ni.

DÍRẸ́BÀ ŃKỌ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Èrò lè mu, kó sùn. Dírẹ́bà ò lè sùn. Ẹ wo etí gáréèjì dáadáa: paraga wà níbẹ̀ nínú ìgò, ọ̀pá ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ọtí líle inú ọ̀rá wà níbẹ̀. Ní 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ líle mú òfin pé kí wọ́n má ṣe ti inú ọ̀rá mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ pariwo, wọ́n sì tún sún ọjọ́ náà síwájú. Bí òfin bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀mí èèyàn kò ní sípéà.

Àwọn dírẹ́bà kan á ní, "Ìgò kan péré ni. Ó ń la ojú mi." Irọ́ ni! Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìgò ńlá kan, sẹ̀ntílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5, ẹ̀dọ̀ èèyàn á lò tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó lè kó o kúrò lára. Ìgò méjì, wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó mu ìgò méjì ní Mazamaza kó tó gbéra, mọ́tò á ti kọjá Bìní kí ojú rẹ̀ tó dá pérépéré. Ìyẹn ni pé gbogbo Ọ̀rẹ̀, gbogbo kòtò, gbogbo tírélà, ọtí ló fi ń wò ó. Bó bá jẹ́ Guinness ńlá, tàbí tó fi paraga lé e, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orógbó kò lè lé ọtí jáde. Omi tútù kò lè lé e. Kọfí kò lè lé e. Àkókò nìkan ló lè lé e.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà ní 1977, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá Road Safety sílẹ̀ ní February 1988, òun ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pariwo pé kí wọ́n yéé ta ọtí ní gáréèjì. Ẹni tó ń tà á náà ní ọmọ tó ń bọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lè ta ọtí fún èrò tó dé, kó ta oúnjẹ àti omi fún dírẹ́bà tó ń lọ. Ojú rẹ̀ mọ dírẹ́bà, ó mọ mọ́tò tó máa wà.

Ẹ̀yin èrò náà, ẹ má dákẹ́. Bí òórùn ọtí bá ń jáde lẹ́nu awakọ̀, ẹ má wọ mọ́tò yẹn. Bí ẹ bá ti sanwó, ẹ bèèrè rẹ̀ padà. Bí èrò kan bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ń ṣe àṣejù. Bí èrò mẹ́wàá bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá dírẹ́bà mìíràn. Owó mọ́tò tó sọnù, ọjà kan á dá a padà. Ẹni tó sọnù ńkọ́?

ÈWO LÓ WÁ DÙN JÙ?

Nínú gbogbo ọtí àti ilé ọtí tí wọ́n fi wéra wọn yìí, èyí tó dùn jù kò ní orúkọ lára. Òun ni ìgò tí èèyàn ṣí nígbà tó ti dé ibi tó ń lọ: ẹrù ti sọ̀, owó ti pé, a ti kí ará ilé, kò sí mọ́tò tó ń fun fèrè. Ilé l'àbọ̀ sinmi oko. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ Onítṣà, kó fi Hero dúró d'Ónítṣà. Ẹni tó ń lọ Lómé, kó fi Pils dúró de Lómé. Ẹni tó sì ń bọ̀ wálé sí Mazamaza, Festac wà nítòsí, ẹja wà lórí iná, Star ń bẹ nínú áìsì.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rìn l'ọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àjò á dùn, ilé á sì dùn. Ẹ rọra o.